Ohun Tí Ń Jẹ Irin ní Àpápá: Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Tí Kò Yẹ Kí A Dà Pọ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí ibi ìkómọjáde nìkan. Ó bá àwọn tí ń ṣẹ̀dá ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wí pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ohun tí ń sọ irin di pupa, tí ń sọ fàdákà di dúdú, tí ó sì ń dá ihò sí páànù orí ilé ni à ń wá, ilé tí ó yẹ kí aṣẹ̀dá-ìperí kọ́kọ́ wò ni Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ibi tí irin pọ̀ sí tó báyìí, tí omi iyọ̀ sì múlé tì í tó báyìí, kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ pọ̀, a sì ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bí olùkọ́ kan bá pè é ní ìdógùn-ún, òmíràn a pè é ní ìpáàrà, ẹ̀kẹta a ní ìdípẹtà ni. Alágbẹ̀dẹ àti wẹ́dà a sọ pé nǹkan ti jẹ ẹ́. Atúmọ̀ tí ó ń kánjú a kọ ìbàjẹ́ irin sílẹ̀. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ sì ti sú a kọ kọ̀rósíọ̀nù, a sì lọ sinmi. Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kò sí ìdí láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun níhìn-ín, kò sì sí ìdí láti yá ọ̀rọ̀ olóyìnbó. Mẹ́rin nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ tó iṣẹ́ náà í ṣe, bí a bá lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, tí a sì lé ìbàjẹ́ irin kúrò láàrin wọn.

Ilé tí a ń wò

Ní ọdún 1921 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí omi wọn jìn ní Àpápá; ní ọdún 1926 ni iṣẹ́ náà parí. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ńtì wá sí Èkó pọ̀ débi pé èbúté kò lè gbà wọ́n mọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ni ó dúró sójú omi tí wọ́n ń retí àyè. Lára ohun tí ìjọba ṣe sí ọ̀rọ̀ náà ni èbúté Erékùṣù Tin Can tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977. Lónìí, bí ènìyàn bá gba ọ̀nà wọ́ọ̀fù kọjá, irin ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì: kírénì, ojú irin rélùwéè, táǹkì epo, ọkọ̀ àjàgbé, àti kọ̀ńténà tí wọ́n tò lé ara wọn bí ilé alájà.

Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wínníwínní ká orí gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Irin kò nílò ju ohun méjì lọ kí ó tó dógùn-ún: omi, àti ọ́síjìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Iyọ̀ kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ń mú iṣẹ́ wọn yá. Ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ ara irin. Ó ń jẹ́ kí iná mànàmáná tí ó kéré jọjọ lè rìn nínú omi tí ó bo irin náà. Ó sì ń já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ì bá dáàbò bo mẹ́táàlì lára. Ìdí nìyí tí páànù kan náà fi lè pẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀yọ́ ju bí yóò ti pẹ́ ní etí òkun lọ.

Ajégúnlẹ̀ múlé ti Àpápá, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi kì í tètè fà lórí rẹ̀, ilé fún mọ́ ilé, páànù ni ó sì bo púpọ̀ nínú wọn. Kọ̀ńténà tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán lórí òkun lè di ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Gọ́tà tí omi rẹ̀ kò bá ṣàn a máa dúdú, a sì máa rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Òórùn náà, gáàsì kan tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀ ni ó ń mú un wá; gáàsì yìí kan náà ni ó lè sọ yẹtí fàdákà àti wáyà bàbà di dúdú láìsí pé omi òkun kàn wọ́n. Nítorí náà, láàrin ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, akẹ́kọ̀ọ́ lè rí irin tí ó pọ́n, síǹkì tí ó ní lẹ́búlẹ́bú funfun lára, bàbà tí ó di aláwọ̀ ewé, fàdákà tí ó dúdú, àti àlùmíníọ́ọ̀mù tí kò ṣe ju pé dídán rẹ̀ kú lọ. Ìperí kan ṣoṣo kò lè sọ ìtàn márààrún yìí fún un.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, iṣẹ́ mẹ́rin

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí í jẹ́ irin fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú èdè. Nígbà mìíràn, irin gan-an ni ó ń tọ́ka sí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó lè kó idẹ, òjé, bàbà àti tánńganran pọ̀ mọ́ ọn. Nínú àròkọ yìí, irin dúró fún irin nìkan. Fún àpapọ̀ wọn, mẹ́táàlì ni a lò.

Èkíní nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ni dógùn-ún. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àdá, ọ̀bẹ, ìṣó àti ọkọ́ ni ó ń dógùn-ún. Bí obìnrin kan bá wí pé òrùka wúrà òun dógùn-ún, olùgbọ́ yóò fura pé ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Ìfura yẹn ni ẹ̀rí pé èdè ti fi ààlà sí ọ̀rọ̀ náà: irin àti ohun tí irin wà nínú rẹ̀ ni ó lè dógùn-ún. Ààlà yìí bá ti onímọ̀ kẹ́mísírì mu rẹ́gí, nítorí pé òun náà kì í pe ohun tí ó bá síǹkì tàbí bàbà ní orúkọ tí ó ń pe ti irin. Ẹni tí ó bá sọ ìdógùn-ún di orúkọ fún gbogbo mẹ́táàlì ń wó odi tí èdè ti mọ sílẹ̀ láìgba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni ìpáàrà. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni, ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì lè ha ni ó ń tọ́ka sí. A lè ha ìpáàrà sínú abọ́; a lè gbé e lé orí òṣùwọ̀n. Nítorí náà, ó yẹ kí ó dúró fún ohun tí ó jókòó sára mẹ́táàlì lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti ṣe, kì í ṣe fún iṣẹ́ náà. A ó wá lè sọ pé ìpáàrà irin pọ́n, ìpáàrà bàbà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ìpáàrà fàdákà sì dúdú, láìsí pé ọ̀rọ̀ ta ko ara wọn.

Ẹ̀kẹta ni dípẹtà. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá àtijọ́ lo ìpáàrà nínú Mátíù orí 6, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìṣúra ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Jákọ́bù orí 5, níbi tí a ti dárúkọ wúrà àti fàdákà, dípẹtà ni wọ́n fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Onímọ̀ kẹ́mísírì lè ṣàròyé pé wúrà kì í dípẹtà nínú afẹ́fẹ́ lásán. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àpọ́sítélì ni kí ó lọ bá rojọ́, kì í ṣe atúmọ̀. Ohun tí ó kan aṣẹ̀dá-ìperí ni pé, nígbà tí àwọn atúmọ̀ náà ń wá ọ̀rọ̀-ìṣe tí yóò gba ohun mìíràn yàtọ̀ sí irin mọ́ra, wọn kò mú dógùn-ún. Ìdípẹtà ni ó tọ́ kí ó jẹ́ ìperí àgbà, èyí tí yóò gba irin, bàbà, síǹkì, fàdákà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn mọ́ra.

Ẹ̀kẹrin ni jẹ. Òun ni ó kéré jù nínú wọn, òun náà ni a sì fojú tín-ín-rín jù. Wẹ́dà tí wọ́n bá gbé ilẹ̀kùn onírin tí ó ti lu wá fún a máa sọ pé iyọ̀ ti jẹ ẹ́. Yorùbá ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Ti mẹ́táàlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìta ni ohun tí ń jẹ ẹ́ ti wá. Átọ́ọ̀mù irin fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, ọ́síjìn àti omi gbà á, átọ́ọ̀mù náà sì kúrò ní àyè rẹ̀ láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì láti ṣàkíyèsí ohun tí gírámà ń ṣe níhìn-ín. Dógùn-ún àti dípẹtà kò gba àbọ̀. Irin dógùn-ún, ó parí, ó dà bí ẹni pé ó ṣàdédé ṣẹlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n jẹ gbọ́dọ̀ ní olùwà àti àbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ lò ó ní láti dáhùn ìbéèrè kan kí ó tó lè parí gbólóhùn rẹ̀: kí ni ó jẹ ẹ́? Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ kẹ́mísírì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibẹ̀ náà ni olùkọ́ ti lè tún ọ̀rọ̀ wẹ́dà ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ọ́síjìn àti omi ni wọ́n jẹ ilẹ̀kùn, iyọ̀ ni ó bá wọn ṣílẹ̀kùn fún oúnjẹ.

Bí a bá wá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, gbólóhùn tí yóò jáde yóò yé ọmọdé, kò sì ní ṣi onímọ̀ lọ́nà: ọ́síjìn àti omi jẹ irin náà, irin náà dípẹtà, nítorí pé irin ni, a lè sọ pé ó dógùn-ún, ohun pupa tí a sì ha lára rẹ̀ ni ìpáàrà.

Kì í ṣe gbogbo ìpáàrà ni ìbàjẹ́

Ìbàjẹ́ irin ni ó gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn atúmọ̀, nítorí pé ó tètè yé ènìyàn. Òun náà ni ó sì léwu jù, nítorí pé ó ń dájọ́ kí ẹjọ́ tó délẹ̀.

Ẹ wo ìkòkò àlùmíníọ́ọ̀mù tí ó wà ní ilé ìdáná. Àlùmíníọ́ọ̀mù yára bá ọ́síjìn dà pọ̀ ju irin lọ. Bí a bá gé e, ojú rẹ̀ tuntun á ti bá ọ́síjìn pàdé kí a tó gbé ọ̀bẹ kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti inú ìpàdé náà jáde ni awọ kan tí ó le, tí ó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́, tí kò jẹ́ kí ọ́síjìn mìíràn wọlé mọ́. Nínípọn awọ náà kò ju nǹkan bíi náánòmítà 2 sí 4 lọ, bẹ́ẹ̀ náánòmítà kan ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà. Awọ tí ojú kò lè rí yìí ni ó jẹ́ kí ìkòkò náà tó ọdún gbọọrọ lórí iná. Irin tí wọ́n ń pè ní aláìdógùn-ún náà, irú awọ bẹ́ẹ̀ ni ó gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró: a fi krómíọ́ọ̀mù tí kò dín sí ìdá 10.5 nínú 100 sínú rẹ̀, krómíọ́ọ̀mù náà ni ó sì ń hun awọ náà bò ó.

Páànù orí ilé Ajégúnlẹ̀ ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà ní ọ̀nà mìíràn. Irin ni páànù tí ó wọ́pọ̀, síǹkì ni a fi bò ó. Síǹkì fúnra rẹ̀ ń dípẹtà, ìpáàrà eérú tí ó ń yọ sì ń dín ìyára jíjẹ rẹ̀ kù. Bí ìṣó bá tilẹ̀ ha páànù náà tí irin yọjú, síǹkì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ jẹ, irin yóò sì là á já fún ìgbà kan. Síǹkì di ẹbọ fún irin. Ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti kọ́ pé ìpáàrà ni ìbàjẹ́ lè mú búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà, kí ó máa ha eérú náà kúrò lórí páànù bàbá rẹ̀ kí ó lè mọ́. Síǹkì ni ó ń ha dànù yẹn. Ọjọ́ tí òjò yóò máa kán sí wọn lórí ní yàrá ni ó ń fà súnmọ́ tòsí.

Kọ̀ńténà Àpápá ni ẹ̀rí kẹta. Irin tí a sábà fi ń ṣe wọ́n, bàbà díẹ̀ àti krómíọ́ọ̀mù díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ìpáàrà tí yóò kọ́kọ́ yọ lára rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì dín jíjẹ kù, yàtọ̀ sí ti irin lásán tí ìpáàrà rẹ̀ ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ní etí òkun, iyọ̀ kì í jẹ́ kí ìpáàrà náà lẹ̀ dáadáa, ìdí sì nìyí tí a tún fi ń kun kọ̀ńténà ní ọ̀dà. Ìpáàrà kan náà, ààbò ni níbi kan, kò sì tó ààbò níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ní ìbàjẹ́ nínú kò lè gba irú àlàyé yìí. Fún awọ tí ń dáàbò boni, awọ ààbò tó ní orúkọ. Ohun tí a kàn ní láti fi yé akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ìpáàrà tí ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, tí ó sì dí ọ̀nà, ni awọ ààbò.

Nígbà tí mẹ́táàlì bá di wínníwínní

Àwọn kan lè rò pé ìyàtọ̀ yìí ti ń di àṣejù, pé ọ̀rọ̀ páànù àti ilẹ̀kùn kò gba gbogbo èyí. Ibi tí a ó ti mọ̀ bóyá ìperí lágbára ni ibi tí ìmọ̀ tuntun bá ti dán an wò. Ìmọ̀ tuntun náà ti dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi omi tí wọ́n rẹ láti ara èèpo obì àti èèpo kòkó sọ èròjà fàdákà di hóró fàdákà tí ìwọ̀n wọn jẹ́ ti náánòmítà. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2016. Wọ́n dán agbára àwọn hóró náà wò lórí kòkòrò àrùn, wọ́n sì po ti èèpo obì mọ́ ọ̀dà ìkunlé. Orúkọ tí ó rọrùn fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni hóró náánò.

Ohun tí ó mú hóró náánò yàtọ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ènìyàn bá mú mẹ́táàlì tí ó rí bí ṣúgà onígun mẹ́rin, tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, ojú mẹ́fà ni ó ní, àpapọ̀ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò mẹ́fà lọ. Bí a bá lè gé e títí ìhà hóró kọ̀ọ̀kan yóò fi di náánòmítà 1, àpapọ̀ ojú wọn yóò di 6,000 mítà onígun mẹ́rin, èyí tí ó súnmọ́ pápá bọ́ọ̀lù kan. Nínú hóró tí ó jẹ́ náánòmítà 30, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 átọ́ọ̀mù ni ó wà ní ojú. Bí ó bá jẹ́ náánòmítà 10, ó di nǹkan bí ìdá 20. Bí ó bá jẹ́ náánòmítà 3, ó tó ìdajì. Àwọn tí ó wà ní ojú sì ni ọwọ́ ọ̀tá ń tó.

Níhìn-ín ni awọ ààbò ti ń di ọ̀rọ̀ mìíràn. Lórí ìkòkò, awọ náánòmítà 3 kò tó nǹkan kan. Lórí hóró tí kò ju náánòmítà 6 lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, awọ náà kan ara rẹ̀ ní àárín. Kò sí mẹ́táàlì mọ́, awọ ni ó kù. Irin tí a bá lọ̀ kúnná dé ìwọ̀n náánò lè gbiná fúnra rẹ̀ bí a bá ṣí i sí afẹ́fẹ́ lójijì. Irin kan náà tí ó ń lo ọdún púpọ̀ kí ó tó dípẹtà ní wọ́ọ̀fù Àpápá wá di ohun tí ń jó ní ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó mọ̀ pé nǹkan ń jẹ irin yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni, ìyára nìkan ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó mọ ìdógùn-ún nìkan yóò pè é ní idán.

Ti hóró fàdákà tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kan pàtàkì nínú agbára tí ó fi ń pa kòkòrò àrùn ni fàdákà tí ó ń yọ́ jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọ́síjìn inú omi ti ń jẹ ẹ́. Bí nǹkan kò bá jẹ ẹ́ rárá, kò ní ṣiṣẹ́. Bí ohun gbogbo bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí ní kíákíá. Bí ó bá sì bọ́ sínú omi tí ó ní irú imí-ọjọ́ tí ń rùn nínú gọ́tà Ajégúnlẹ̀, ìpáàrà dúdú tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ nínú omi yóò bò ó, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù púpọ̀. Jíjẹ rẹ̀ ni ìwúlò rẹ̀. Ta ni yóò pe irú èyí ní ìbàjẹ́?

Èyí mú ọ̀rọ̀ kan dìde tí ó tún ń da atúmọ̀ láàmú: ìdúróṣinṣin. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó bo ohun méjì mọ́lẹ̀. Wúrà dúró nínú afẹ́fẹ́ nítorí pé òun àti ọ́síjìn kò fẹ́ ara wọn. Àbínibí rẹ̀ ni. Àlùmíníọ́ọ̀mù dúró nítorí pé awọ ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí awọ bá já tí kò sì rí àyè hun ara rẹ̀ padà, ìdúró parí. Ó yẹ kí a pe ti èkíní ní ìdúró àbínibí, kí a sì pe ti èkejì ní ìdúró aláàbò. Lójú ẹni tí ń ra nǹkan, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú ẹni tí yóò kó nǹkan náà lọ sí etí òkun, ìyàtọ̀ wọn tó èrè àti gbèsè. Ó sì yẹ kí a rántí pé hóró náánò lè pàdánù ara rẹ̀ láìsí pé ohunkóhun jẹ ẹ́: hóró kéékèèké lè lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí wọ́n ṣù pọ̀ di ńlá. Wúrà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ìṣùpọ̀ ni kí a pe èyí, kí a má fi kún ìdípẹtà.

Èsì fún àwọn tí kò fara mọ́ ọn

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Ọmọdé tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin kí a ru ẹrù, kí a pọn ọmọ, kí a gbé àga, kí a sì kọ́ àpò sí èjìká kò ní kú nítorí dógùn-ún àti dípẹtà. Ohun tí ń da ọmọ láàmú ni ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń pààrọ̀ bí ẹni pààrọ̀ ẹ̀wù, láìsọ ìdí.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a gba kọ̀rósíọ̀nù, nítorí pé òun ni ìdánwò àṣekágbá ń lò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú yíyá ọ̀rọ̀. Náánò, átọ́ọ̀mù àti ọ́síjìn, yíyá ni, a kò sì rí ohun tí ó sàn jù wọ́n lọ nínú èdè. Ṣùgbọ́n orúkọ ni kọ̀rósíọ̀nù. Kò bí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan nínú Yorùbá. Kò sí ẹni tí ó lè fi í sọ pé nǹkan ń jẹ nǹkan. Ẹni tí ó yá a yóò tún padà wá yá jẹ lọ́wọ́ wẹ́dà.

Àríyànjiyàn kẹta wúwo jù. Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ìjọ̀, Ìgbò, Urhobo, Hausa àti àwọn mìíràn ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, èdè pijin sì ni ó so ọ̀pọ̀ wọn pọ̀. Ta ni ìperí Yorùbá yóò ṣe láǹfààní níbẹ̀? Òtítọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ibẹ̀ ni yóò lò ó. Síbẹ̀, òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 láti pa èdè Yorùbá mọ́ ti fi kíkọ́ rẹ̀ lélẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ní ìpínlẹ̀ náà. Ọmọ Ìjọ̀ tí ó ń kọ́ Yorùbá ní Ajégúnlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bá èdè tí ó lè sọ ohun tí ó wà ní orí ilé rẹ̀ pàdé, kì í ṣe èdè ìtàn àti oríkì nìkan.

Ti ìjọba àpapọ̀ ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 2022, ó fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 2025, ó fagi lé e. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé àwọn aṣẹ̀dá-ìperí kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ wọn dúró de ìjọba. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ọdún 1970 lábẹ́ Babs Fafunwa, ìwé kò tíì sí. Àwọn olùkọ́ ni ó jókòó kọ ọ́. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1984 àti 1990 ti tó wa lẹ́rù tán nípa gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ti kẹ́mísírì àti ẹ̀rọ ṣì kù lẹ́yìn.

Àsọkágbá

Ìwádìí tí ẹgbẹ́ NACE gbé jáde ní ọdún 2016 ṣírò rẹ̀ pé ohun tí ìdípẹtà ń ná gbogbo ayé lọ́dún kan tó tírílíọ̀nù 2.5 dọ́là, ìyẹn nǹkan bí ìdá 3.4 nínú 100 ohun tí gbogbo ayé ń pèsè. Apá tirẹ̀ nínú owó yẹn ni onílé Ajégúnlẹ̀ ń san nígbàkígbà tí ó bá pààrọ̀ páànù. Kò sí ìperí tí ó lè san án fún un. Ṣùgbọ́n ìperí lè sọ fún un ohun tí ó ń jẹ páànù náà, ohun tí ó ń ṣọ́ ọ, àti ohun tí kò yẹ kí ó ha kúrò lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn olùkọ́, àwọn atúmọ̀ àti àwọn tí ń ṣe àkójọ ìperí kò pọ̀. Kí jẹ jẹ́ ti iṣẹ́ náà pẹ̀lú olùwà àti àbọ̀ rẹ̀. Kí dípẹtà jẹ́ ti mẹ́táàlì gbogbo. Kí dógùn-ún má kúrò lára irin. Kí ìpáàrà jẹ́ ti ohun tí ó yọ sí ojú, yálà ó ń ṣọ́ni tàbí kò ṣọ́ni. Kí a tò wọ́n sí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àkójọ ìperí tí yóò tẹ̀lé e, kí a má ṣe fi àmì ìdọ́gba sí àárín wọn mọ́. Kí ẹni tí ó bá sì ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ mú un wá láti ibi iṣẹ́ àwọn wẹ́dà àti àwọn alágbẹ̀dẹ, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ gba orúkọ.